Verlyn Elétí Ẹ́ńjìnnì àti Kọ́ìlì Kẹta

Bí ẹ bá wọ ìlú Elgaard ní North Dakota tí ọkọ̀ yín ń ṣàìsàn, ẹ má wulẹ̀ béèrè ẹni tó máa tún un ṣe. Ọkùnrin kan á ti ìloro ilé rẹ̀ kígbe pè yín pé, "Pílọ́ọ̀gì ni! Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lù yín ní jìbìtì o!" Verlyn Tveitmoe nìyẹn, Elétí-bí-ehoro, Agbóhùn-ẹ́ńjìnnì-láì-dìde-ńlẹ̀. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí kò ti gbé ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ó sì máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó bi í àti ẹni tí kò bi í.

Nígbà tó bá ku òun nìkan, Verlyn mọ̀ pé bí òun bá sọ mẹ́wàá, mẹ́ta ló máa ń jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n mẹ́ta yẹn náà ni gbogbo ìlú ń rántí. Kí lèèyàn tún ń wá?

Lọ́dún tí wọ́n fi í ṣe aṣíwájú ìwọ́de ọdún ìlú ni ọkọ̀ tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, kò sí wàhálà. Bó bá ti gbóná, tó wá dúró níbi iná pupa kan ṣoṣo tí ìlú náà ní, á gbọ̀n, á húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á kú.

Verlyn ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kọ́ìlì mẹ́rin ló ń fún pílọ́ọ̀gì mẹ́rin níná. Ó fi ẹ̀kẹta sípò èkíní, àìsàn náà bá a lọ síbẹ̀. Ọ̀daràn ti fara hàn.

Ọgọ́ta dọ́là ni tuntun. Verlyn ní ọgọ́ta dọ́là. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù Marlys Oyen, mẹkáníìkì ìlú, nìkan ni wọ́n ti ń tà á, kí oòrùn sì tó kàn àtàrí, gbogbo ẹni tó ń mu kọfí lójú pópó á ti gbọ́ pé Elétí-bí-ehoro lọ ra kọ́ìlì. Kó wá kọ̀wé rà á láti ìlú míì ńkọ́? Àbúrò Marlys ló ń pín lẹ́tà.

Ibẹ̀ ló ti rántí Orrin, àbúrò ìyàwó rẹ̀. Irú ọkọ̀ kan náà làwọn méjèèjì ní.

Verlyn ṣírò ó. Orrin kì í wakọ̀ kọjá ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé epo. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í gbóná tán kó tó pa á. Kọ́ìlì tó jẹ́ pé ooru nìkan ló ń dà á láàmú, bó bá dé ọ̀dọ̀ Orrin, ìfẹ̀yìntì ló lọ. Bó ṣe rò ó síwá sẹ́yìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé àánú ni òun ń ṣe fún kọ́ìlì náà.

Nígbà tó di ọjọ́ Sọ́ńdè, Verlyn àti ìyàwó rẹ̀ lọ jẹun lọ́dọ̀ Orrin, wọ́n sì gbé ọ̀dùnkún àti ẹran lílọ̀ tí wọ́n yan nínú ààrò sórí tábìlì. Verlyn dìde.

"Orrin, mo fẹ́ yá sípánà kan ní gáréèjì rẹ."

"Ẹ máa wọlé lọ, ẹ̀gbọ́n. Kò sí kọ́kọ́rọ́ níbẹ̀."

Ta ló ń ti ilẹ̀kùn ní Elgaard? Láàárín ìṣẹ́jú méje, ó ti yọ kọ́ìlì kẹta Orrin, ó ti fi tirẹ̀ rọ́pò. Ó padà wá jẹ àwo kejì.

Ọjọ́ ìwọ́de pé. Oòrùn oṣù keje ń jó ọ̀dà ojú títì. Verlyn ló ṣáájú, ó ń ju súwíìtì sọ́tùn-ún sósì, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń kùn bí olóńgbò tó yó. Orrin ló tẹ̀ lé e, ó gbé Màmá Borghild, àgbà ìlú, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rùn-ún. Ìrìn ẹsẹ̀ ni ọkọ̀ ń rìn. Ó ti di ogójì ìṣẹ́jú.

Ìṣirò tí Verlyn kò ṣe nìyẹn.

Níwájú báńkì, ọkọ̀ Orrin gbọ̀n, ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kú. Àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń fun fèrè fẹ́rẹ̀ẹ́ gun ara wọn. Katakata oko mọ́kànlá tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn dúró gbagidi.

Lowell, tó ń darí ètò, pariwo nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn: "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ tọkọ̀ níbí o?"

Ọlọ́gbọ́n á jókòó jẹ́ẹ́ sínú ọkọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti pe orúkọ oyin, eṣinṣin ò lè sùn. Verlyn sọ̀ kalẹ̀, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó rìn dé ibẹ̀. Kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ Lowell.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Kọ́ìlì ni. Ẹ̀kẹta. Mẹ́ta yòókù ò ní nǹkan kan."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Marlys ti gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ dé.

"Bàbá Verlyn, ẹ ní kọ́ìlì?"

"Kọ́ìlì."

"Ẹ̀kẹta?"

"Etí mi kì í purọ́, ọmọ mi."

"Ẹ́ńjìnnì ti kú kẹ́ ẹ tó sọ̀ kalẹ̀, sà. Kí ni etí yín gbọ́?"

Marlys ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó yẹ inú rẹ̀ wò, ó fa kọ́ìlì kẹta yọ.

"Òótọ́ lẹ sọ, òun ni. Àmọ́ èyí ti gbó. Mẹ́rin tuntun ni mo fi sí ọkọ̀ Orrin lóṣù kẹrin."

Orrin kì í tètè bínú, kì í sì í tètè ronú. Ó ronú báyìí. "Ẹ̀gbọ́n, Sọ́ńdè tẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ yá sípánà..."

"Àna mi, jẹ́ ká sọ ọ́ nílé."

Ó gbàgbé pé ẹ̀rọ ṣì wà lẹ́nu òun. Gbogbo ìlú ló gbọ́, dé ilé epo.

"Kí ló wí?" Màmá Borghild bi wọ́n.

"Ó ní ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ nílé, Màmá!"

Ẹ̀rín bú. Katakata fun fèrè. Verlyn wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀ tó ti fi fìlà bojú, ó tún gbé ẹ̀rọ sẹ́nu.

"Ó dáa. Etí mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ọwọ́ mi ló mọ̀ ọ́n, torí ọwọ́ mi ló gbé e síbẹ̀."

Marlys na sípánà sí i. Lójú gbogbo ayé, ó yọ kọ́ìlì tuntun kúrò nínú ọkọ̀ tirẹ̀, ó dá a padà fún Orrin, ó fi òkú tirẹ̀ sípò. Orrin ló wá ṣáájú ìwọ́de. Ọkọ̀ Verlyn gbọ̀n, ó húkọ́, ó kú, wọ́n so ó mọ́ ìdí katakata tó gbẹ̀yìn.

Bí wọ́n ṣe ń fà á lọ, àwọn èèyàn ń ju súwíìtì rẹ̀ padà sí i. Verlyn ń tẹrí ba fún wọn láti ojú fèrèsé, ó sì ń ṣà wọ́n jọ. Dọ́là mẹ́rin ló kúkú fi ra àpò súwíìtì kan.