Bí Mo Ṣe Gbẹ́sẹ̀ Lé Ọkọ̀ Apẹja l'Ájídò

Ọjọ́ kan wà tí mo lè gbàgbé orúkọ ara mi kí n tó gbàgbé rẹ̀. Owó epo ti ń gun gbogbo ìlú lórí nígbà náà, èmi náà sì ń kàwé òfin ní yunifásítì. Mo wọ ṣòkòtò lábú tó ń gbálẹ̀, mo so táì mọ́rùn, mo wá kọ́ṣẹ́ òfin owó orí ní ọ́fíìsì kan ní Badagry. Ọ̀gá ibẹ̀ ní bí mo bá ṣe dáadáa lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òun yóò gbà mí fún gbogbo ọlidé. Bẹ́ẹ̀, kò sí ibòmíì tó fẹ́ gbà mí.

Ó ní kí n lọ bá Baba Hunsu, apẹja Ègùn kan l'Ájídò, sọ̀rọ̀ owó orí. Ọ̀rọ̀ nìkan ló rán mi o, ṣùgbọ́n ìgbéraga ò jẹ́ n gbọ́. Etí ọ̀sà ni mo bá baba, ó ń kó àwọ̀n sínú ọkọ̀. Mi ò tilẹ̀ kí i dáadáa tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í ka òfin fún un lédè òyìnbó. Nígbà tó ń kó àwọ̀n rẹ̀ lọ bí ẹni tí kò gbọ́, mo wọnú ọkọ̀ náà, mo jókòó, mo ní ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé e.

Baba wo bàtà gogoro ẹsẹ̀ mi. "Lọ́yà, o ò ní sọ̀kalẹ̀?"

"Mi ò sọ̀kalẹ̀."

"Ó dáa. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá wọ ọkọ̀ tó ń lọ sódò, iṣẹ́ ló wá ṣe. Mì yì, ká lọ."

Ó ti ọkọ̀ wọ omi, ó sì gbé igbá lé mi lọ́wọ́ pé kí n máa gbọ́n omi. Mi ò mọ̀wẹ̀. Amòfin tí kò mọ̀wẹ̀ kì í bá ọlọ́kọ̀ jiyàn láàárín ọ̀sà. Mo gbọ́nmi, mo fàwọ̀n, mo bì. Táì mi há sínú àwọ̀n, baba fi ọ̀bẹ gé e, kò tiẹ̀ bi mí.

Nígbà tá a gúnlẹ̀, ó pín ẹja bí àṣà wọn, ó fún mi ní ìpín tèmi. Inú mi dùn bíi tọmọdé. Mo gbé ẹja wọ ọ́fíìsì.

Ọ̀gá wò mí látòkè délẹ̀. "Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ lo gbà."

"Rárá, sà. Mo ṣiṣẹ́ fún un ni."

"O ṣiṣẹ́? Owó orí iṣẹ́ náà dà?"

Ó lé mi lójú ẹsẹ̀, ó sì gbé ẹja náà sínú mọ́tò ara rẹ̀. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ká ní mo kí àgbàlagbà bó ṣe yẹ, kí n sì jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi, ǹ bá ríṣẹ́ kọ́. Mo ti ka ìwé òfin owó orí púpọ̀ láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó là mí lójú tó ọ̀gá yẹn. Bí mo bá rántí, mo máa ń rẹ́rìn-ín. Mi ò sì tíì mọ bí ẹja náà ṣe dùn tó.