Fáànù Tó Sé Àwọn Obìnrin Mọ́lé

Ọjọ́ kan wà tí mo ti gbìyànjú títí kí n gbàgbé, àmọ́ àwọn àna mi ò jẹ́. Bí a bá ti pàdé níbi ìkómọ tàbí ìsìnkú, ẹnì kan á kàn wúkọ́, á ní, “Ọmọ Òṣogbo, ṣé o ò gbé fáànù wá lónìí?” Gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, torí pé ẹni tó gba ọmọ lọ́wọ́ èèyàn kì í bá a jà, àmọ́ inú ń bí mi. Inú ń bí mi di òní olónìí, kí n má purọ́. Ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe jẹ́, kí ẹ bá mi wò ó bóyá èmi ni mo jẹ̀bi.

Iṣẹ́ àtúnṣe fáànù àti fíríìjì ni mò ń ṣe ní Alékúwodò, l'Òṣogbo. Bọ́sẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ni mo fẹ́ fẹ́. Abúlé kan lẹ́yìn Ifẹ̀wàrà ni bàbá rẹ̀ ń gbé, láàárín oko kòkó. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ fojú hàn níbẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá ò tíì ní kí n dìde tó ti bi mí pé kí ni iṣẹ́ mi.

“Mò ń tún fáànù ṣe, sà.”

“Fáànù?” Bàbá wo òkè, ó wo wáyà iná tó já sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, tí àwọn ìyàwó ilé ti sọ di okùn ìsáṣọ. “Láti ìgbà tí tiransifọ́má wa ti bú gbàù, a ò ríná mọ́. Atẹ́gùn sì ń fẹ́ wa lọ́fẹ̀ẹ́. Kí la wá fẹ́ fi ẹni tó ń tún fáànù ṣe ṣe?”

Ká ní mo panu mọ́ ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán. Ẹnu mi ò gbọ́. Mo ní, “Bàbá, atẹ́gùn tó ń fẹ́ yín lọ́fẹ̀ẹ́ yẹn gan-an ni màá sọ di iná fún yín.” Bọ́sẹ̀ tó jókòó tì mí já mi léèékánná nítan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu mi. Bàbá ní ọjọ́ tí gílóòbù bá tàn ní ọ̀ọ̀dẹ̀ òun ni òun máa dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Bí kò bá tàn, kí n má wulẹ̀ padà wá. “Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná,” ó ní, “ilé lọmọ Ọwá ti ń múná roko. Ìwọ ará Òṣogbo lo wá fẹ́ fún wa níná? Ó dáa, à ń wò ọ́.”

Ẹ gbà mí o! Ṣé bí wọ́n ṣe ń fi ọmọ fọ́kọ nìyẹn? Ṣé obìnrin ni mo wá fẹ́ ni àbí iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná?

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo yọ mọ́tò lára ẹ̀rọ ìfọṣọ kan tí ẹni tó ni ín ò padà wá gbé. Mo la páìpù omi ńlá, mo gé abẹ̀bẹ̀ mẹ́ta lára rẹ̀. Páànù ara pátákó ṣọ́ọ̀bù mi ni mo fi ṣe ìrù, kó lè máa yíjú síbi tí atẹ́gùn bá ti ń bọ̀. Ó wá ku ká dán an wò. Atẹ́gùn kọ̀, kò fẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ewé kan ò mì ní Alékúwodò. Nígbà tí inú bí mi, mo tan jẹnẹrétọ̀, mo gbé fáànù onídùúró kan síwájú rẹ̀ kó máa fẹ́ ẹ. Ó yí! Gílóòbù tàn! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Ìyá Rúkà tó ń ta aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kejì dúró, ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. “Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kó yé mi. Jẹnẹrétọ̀ ló ń fún fáànù níná, fáànù wá ń fẹ́ fáànù, kí gílóòbù kan ṣoṣo lè tàn?”

“Mò ń dán an wò ni, Ìyá Rúkà.”

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí Ọlọ́run má fi irú rẹ̀ dán wa wò.”

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ ló ń fi oníṣẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo wọ agbádá, mo di ẹ̀rọ náà mọ́ orí ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan, a forí lé Iléṣà. Eré ọkọ̀ ń mú kó yí fìrìfìrì, gílóòbù tí mo gbé lé ẹsẹ̀ sì ń tàn yòò. Gbogbo ibi tí a gbà kọjá ni wọ́n ti ń nawọ́ sí wa, èmi náà ń juwọ́ sí wọn bí olóṣèlú. Ó kù díẹ̀ ká dé abúlé ni ẹ̀ka igi kan nà wá lórí, gbàà! Ọ̀kan nínú abẹ̀bẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dá. Láti Òṣogbo, kò sígi tó fọwọ́ kàn mí, àfi igi ilẹ̀ àna mi.

Ibí yìí ni kí ẹ fetí sí dáadáa. Bàbá fúnra rẹ̀ wọlé, ó mú pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde, ó ní kí n fi dípò èyí tó dá. Bóòtù ò wọ̀ ọ́. Bàbá fúnra rẹ̀ ló tún lọ mú okùn wá, ó ní, “So ó.” Mo so ó. Bàbá ló fún mi ní pákó, bàbá ló fún mi lókùn. Èmi tí wọ́n bí sílé Mùsùlùmí láàárín ìgboro Òṣogbo, kí ni mo mọ̀ nípa pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n so mókùn, tó ń fì nínú atẹ́gùn?

A ri òpó irin mọ́lẹ̀ níwájú ilé, mo fa wáyà wọ ọ̀ọ̀dẹ̀. Gbogbo abúlé pé. Àwọn ọkùnrin jókòó lábẹ́ igi ọsàn, wọ́n ń retí iyán. Àwọn obìnrin wà nídìí ààrò, Yèyé Bọ́sẹ̀, ìyẹn ìyá rẹ̀, ló ṣáájú wọn. Iṣu ti jinná, odó ti wà nílẹ̀. Bàbá ń bi mí léraléra pé, “Uná dà?” Bí àwọn Ìjẹ̀ṣà ṣe ń pe iná nìyẹn. Ojú ọ̀run ṣú. Atẹ́gùn tó ti ń bá mi ṣọ̀tá bá dé, ẹ̀rọ yí, gílóòbù tàn ní ọ̀ọ̀dẹ̀ bàbá! Wọ́n hó yèè. Bọ́sẹ̀ sáré jáde láti ìdí ààrò, ó rẹ́rìn-ín sí mi. Mo ní ó ti parí, mo ti gbéyàwó.

Atẹ́gùn le sí i. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ó kùn, ó kùn, ó wá ké: hùùùù! Hùùùù!

Ohùn Orò gangan ni, lójú ọ̀sán, lórí òpó. Ẹ sì mọ̀ pé bí obìnrin bá fojú kan Orò, Orò á gbé e ni. Kí n tó ṣẹ́jú, wọ́n ti ju ọmọ odó sílẹ̀. Ilẹ̀kùn ń pa dé, gbà, gbà, gbà. Bọ́sẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín sí mi, mo wẹ̀yìn, bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan ni mo rí. Kò ku obìnrin kankan níta, àgbà àti èwe.

Àwọn ọkùnrin dìde, wọ́n ń wo ara wọn lójú. “Ta ló gbé e jáde? Ta ló kéde?” Baálẹ̀ abúlé pàápàá ní wọn ò sọ fún òun.

“Fáànù ni!” mo pariwo. “Ẹ jáde o, fáànù lásán ni!”

Ta ló máa dá mi lóhùn? Mo lọ kan fèrèsé Bọ́sẹ̀. Ó ní, “Ẹ fi mí sílẹ̀ o! Ṣé ẹ fẹ́ kí Orò gbé mi kí n tó délé ọkọ ni?” Mo gbọ́ ohùn Yèyé lẹ́yìn rẹ̀: “Má ṣílẹ̀kùn o, ọmọ mi.”

Mo sáré padà kí n lọ dá ẹ̀rọ dúró. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé mi ò ṣe bíréèkì sí i. Mi ò sì bú ara mi o, ta ló ń ṣe bíréèkì sí fáànù? Mo gun òpó. Bí mo ṣe nawọ́ báyìí ni abẹ̀bẹ̀ gbá apá agbádá mi mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká a. Ó kó agbádá, ó kó bùbá mọ́ ọn, díẹ̀ ló kù kó kó orí mi. Mo já ara mi gbà, ó ku èmi àti ṣòkòtò àti síńgílẹ́ẹ̀tì, mo lẹ̀ mọ́ òpó bí alángbá, òjò sì dé. Agbádá há ẹ̀rọ náà lọ́fun, ó dákẹ́. Gílóòbù kú.

Ṣé ẹ rò pé ẹnì kan kí mi kú ewu? Baálẹ̀ àtàwọn àgbà jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, wọ́n ní kí n kúnlẹ̀.

“Ta ló fún ọ láṣẹ?” Baálẹ̀ bi mí.

“Atẹ́gùn ni, Kábíyèsí.”

“Ta ló kọ́ ọ ní ohùn yẹn?”

“Pákó ni, sà.”

“Ta ló wá fún ọ ní pákó?”

Mo gbójú sókè, mo wo bàbá Bọ́sẹ̀. Bàbá ń wo òrùlé. Wàláhì, ó ń wo òrùlé bí ẹni tí wọ́n ní kó wá ibi tó ń jò! Bí mo bá dárúkọ rẹ̀, ìyàwó ti lọ nìyẹn. Mo gbé e mì. Mo ní mo rí i nílẹ̀ ni.

Wọ́n ní mi ò gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀rọ náà wá síbẹ̀ mọ́ láé. Ebi ló jẹ́ kí wọ́n tètè parí ẹjọ́. Àmọ́ àwọn obìnrin ò jáde. Yèyé ní láti inú ilé pé Baálẹ̀ ni kó kéde pé Orò ti wọlé. Baálẹ̀ ní òun ò lè kéde pé ohun tí kò jáde ti wọlé. Iṣu ń tutù. Ni bàbá Bọ́sẹ̀ àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá mú ọmọ odó. Ẹ ò rí irú iyán bẹ́ẹ̀ rí! Kókó inú rẹ̀ tó ẹyin adìyẹ. Èmi ni wọ́n ní kí n fọ abọ́, nínú òtútù, láìwọ ẹ̀wù.

Nígbà tí Baálẹ̀ rí i pé ìkòkò ọbẹ̀ náà ń dúró de fífọ̀, ó dìde, ó kígbe, “Fáànù ti wọlé o!” Yèyé jáde, ó ń na ara. Ó bi ọkọ rẹ̀, “Bàbá Bọ́sẹ̀, ṣé uná tàn àbí kò tàn?”

“Ó tàn díẹ̀.”

“Ọ̀rọ̀ ẹnu yín dà?”

Bàbá họ orí, ó dá ọjọ́. Alihamudulilahi.

Ká ní ó parí síbẹ̀ ni, ǹ bá ti dárí jì wọ́n. Àmọ́ lọ́dún tó kọjá, a ń jẹun lọ́wọ́, ìyàwó mi kàn bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òun fẹ́ sọ nǹkan kan, kí n má bínú. Ó ní láti ìgbà tí pákó yẹn ti kọ́kọ́ kùn ni gbogbo àwọn ti mọ̀ pé fáànù ni.

“Ẹ mọ̀?”

“Ṣebí ojú wa ni ẹ ṣe ri òpó. Yèyé ló ní ká máa sáré. Ó ní láti ọjọ́ tóun ti wọlé ọkọ, òun ò tíì jókòó lọ́sàn-án Sátidé rí. A sùn, a jẹ ẹ̀pà, à ń wò yín láti ojú ihò fèrèsé.”

“Ẹ rí mi lórí òpó? Tèmi ti síńgílẹ́ẹ̀tì?”

“Yèyé ló kọ́kọ́ rí yín. Àmọ́ ìgbà tó rí Bàbá nídìí odó ló wá di ẹnu mi mú kí n má rẹ́rìn-ín síta. Ó ní, ‘Ọmọ mi, ọkùnrin tó lè mú bàbá rẹ gúnyán, má jẹ́ kó lọ.’”

Ẹ gbọ́ nǹkan! Èmi tí mo pariwo títí ohùn mi fi há! Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé bí obìnrin bá tilẹ̀kùn láti inú, kí ọkùnrin tó wà níta má rò pé òun lòun sé e mọ́lé. Inú bí mi lọ́jọ́ náà, mo fi oúnjẹ sílẹ̀, mo dìde fùú. Mi ò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí ẹ̀rín fi gbé mi, mo bá padà wá jókòó.