Dékódà Dáhùnsí àti Ẹnu Bàbá Sàláwù

Ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé ẹnìkan wà tó máa ń ra bàtà kan ṣoṣo, tí yóò sì máa rìn bí ẹni tó ra títì. Dáhùnsí nìyẹn.

Ajẹ́ńtì ni ní wáàfù Àpápá, òun ló ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù wọn jáde. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kò sì háwọ́. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò ní bíréèkì. Lọ́jọ́ tó ra fáànù, gbogbo ojúlé tó yí i ká ní Ajégúnlẹ̀ ló gbọ́ pé afẹ́fẹ́ ti wọ̀lú.

Lọ́dún 2010, ó lọ ra dékódà tuntun, irú èyí tó ń gba ètò tẹlifíṣàn sílẹ̀ sínú ara rẹ̀, kí onílé lè wò ó nígbà tó bá wù ú. Ha! Àdúgbò wọ gàù.

"Ejiro, ìwọ ṣì ń sáré bọ̀ wálé torí bọ́ọ̀lù? Èmi ò sáré mọ́ o. Bọ́ọ̀lù ló ń dúró dè mí! Mo lè dá a dúró lófuurufú, kí n lọ wẹ̀, kí n jẹun, kí n tó wá ní kó máa bọ̀ nílẹ̀."

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá Ejiro àti tirẹ̀, kò sì sí ìgbéraga tí ògiri náà kò tíì gbọ́. Ejiro mi orí. "Bros, you try. But light people sabi say you get remote?"

"Fi iná sílẹ̀ jàre! Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Nílé tèmi, kì í fọ́ o. Dékódà ti gbé abọ́ sábẹ́ ẹ̀!"

Tó bá jẹ́ lórí bọ́ọ̀lù nìkan ló dúró sí, ì bá má burú. Ṣùgbọ́n Dáhùnsí fẹ́ fẹ́ Fọláyọ̀, Bàbá Sàláwù tó jẹ́ bàbá Fọláyọ̀ kò sì tíì dáhùn. Ní Marine Beach ni Bàbá ń gbé. Ó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ gbẹ́rù ní wáàfù kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì fẹ́ràn ariwo. "Ọmọkùnrin yẹn kò burú," ló sọ fún ọmọ rẹ̀, "àmọ́ ẹnu ẹ̀ máa ń débẹ̀ ṣáájú ẹ̀."

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé àwọn oníṣẹ́ tẹlifíṣàn kan wá bá àwọn àgbà wáàfù sọ̀rọ̀, wọ́n sì fọ̀rọ̀ wá Bàbá lẹ́nu wò. Inú Bàbá dùn, kò tíì dé inú tẹlifíṣàn rí láyé rẹ̀. Àmọ́ iná kò sí ní Marine Beach lọ́sẹ̀ náà, jẹnẹrétọ̀ Bàbá sì ti di ibùsùn adìyẹ.

Dáhùnsí gbọ́, ó fò sókè. "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀ sà! Agogo méje sí méje ààbọ̀ ni wọ́n fi ètò náà sí. Màá gbà á sílẹ̀. Ẹyọ ọ̀rọ̀ yín kan ò ní bọ́ sílẹ̀!"

Bàbá na ìka sí i. "Lọ́jọ́ tí mo bá fojú ara mi rí ara mi, tí mo fetí ara mi gbọ́ ohun tí mo sọ, lọ́jọ́ yẹn ni màá dá ẹ lóhùn lórí ọ̀rọ̀ Fọláyọ̀."

Lálẹ́ ọjọ́ ètò náà, Kirikiri ni Dáhùnsí wà nídìí ẹrù, ṣùgbọ́n ó ti to dékódà sílẹ̀ láàárọ̀. Nígbà tó délé, ó rí orúkọ ètò náà nínú rẹ̀ gbangba. Fọláyọ̀ pè é lórí fóònù.

"Ṣé o ti wò ó?"

"Kí ni màá wò? Ẹ̀rọ tó mọṣẹ́ ẹ̀, o tún fẹ́ kí n máa ṣọ́ ọ?"

Òkèèrè ló yẹ kéèyàn ti máa wo igi ganganran. Dáhùnsí ní òun á dúró kó gún òun lójú ná.

Lọ́jọ́ Àìkú, Bàbá dé pẹ̀lú Fọláyọ̀ àti Sàlímọ́tù, àbúrò Bàbá obìnrin. Dáhùnsí dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Àwọn ará ilé ti kún ẹnu ọ̀nà. Ẹlòmíràn ì bá fi Bàbá han Bàbá, kó sì gba ìyàwó rẹ̀. Dáhùnsí ní kí àwọn kọ́kọ́ wo bọ́ọ̀lù tó ń lọ lọ́wọ́.

"Ẹ wò ó sà!" Ó tẹ rìmóòtù. Bọ́ọ̀lù dúró sókè, ó ku díẹ̀ kó wọ àwọ̀n. "Kò lè sọ̀kalẹ̀ àfi tí mo bá pàṣẹ! Ẹ máa mu míníráàlì yín sà, ẹ má kánjú."

Wọ́n ń mu ún lọ. Lójijì ni gbogbo àdúgbò bú jáde: "GÓÒÒÒLÙ!" Ògiri Ejiro mì tìtì.

Bàbá wo bọ́ọ̀lù tó ṣì so rọ̀ lójú tẹlifíṣàn. "Dáhùnsí, ìwọ dá bọ́ọ̀lù dúró. Ta ni yóò dá Ajégúnlẹ̀ dúró?"

Ẹ̀rín mú kí míníráàlì pá Sàlímọ́tù lórí. Dáhùnsí tún gbé rìmóòtù, àmọ́ kó tó tẹ̀ ẹ́, iná lọ. Nígbà tí wọ́n fi rí jẹnẹrétọ̀ tan, tí dékódà fi jí lójú oorun, bọ́ọ̀lù tó so rọ̀ ti pòórá, àwọn agbábọ́ọ̀lù ti ń bọ ara wọn lọ́wọ́.

"Bros," Ejiro béèrè lẹ́nu ọ̀nà, "where you keep the ball?"

"Èyí tí mi ò gbà sílẹ̀ nìyẹn! Ti Bàbá wà nínú ẹ̀ digbí!" Òógùn ti ń bọ́ lójú rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ó tẹ̀ ẹ́. Ìpolówó ọṣẹ ló kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kí olóyè kan kú ọjọ́ ìbí. Àwọn ìyàwó olóyè kí i. Àwọn àna olóyè kí i. Wọ́n wá kéde òkú.

"Kí ló kàn mí níbẹ̀?" Bàbá béèrè.

"Mo lè sáré kọjá ẹ̀ sà!" Dáhùnsí sáré kọjá olóyè, ó sáré kọjá òkú, àfìgbà tí wáàfù yọ, tí Bàbá yọ tòun ti fìlà funfun!

"Ẹ̀gbọ́n mi rèé o!" Sàlímọ́tù pariwo. Bàbá jókòó nàró. Ó rẹ́rìn-ín, omi sì lé sí i lójú. Dáhùnsí rí i, ó ti ń fọkàn ka àwọn tí yóò bá a lọ ṣe ìdána.

Oníbéèrè ní kí Bàbá gba àwọn ọ̀dọ́ nímọ̀ràn. Bàbá inú tẹlifíṣàn wúkọ́, ó yanu: "Ohun tí mo fẹ́ sọ fún àwọn ọ̀dọ́ ni pé…"

Kẹ́ú! Ó parí. Dékódà wá béèrè bóyá kí òun pa á rẹ́.

Dáhùnsí dá a padà sẹ́yìn. Bàbá tún yanu: "…ni pé…" Kẹ́ú! Ó tún dá a padà. Lọ́tẹ̀ yìí àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà bá Bàbá pe "ni pé!" pọ̀.

"Bros, seven-thirty don reach," Ejiro ní. "Machine don close work."

Bó ṣe rí nìyẹn. Agogo òyìnbó ni dékódà ń tẹ̀lé, agogo tiwa ni àwọn oníṣẹ́ tẹlifíṣàn ń lò. Dáhùnsí fúnra rẹ̀, tó máa ń wí pé "mo ti dé ìdí ọkọ̀" látorí bẹ́ẹ̀dì, ló gbà gbọ́ pé ètò agogo méje yóò bẹ̀rẹ̀ ní agogo méje!

"Kí ni mo tiẹ̀ sọ lẹ́yìn ìyẹn?" Bàbá bi àbúrò rẹ̀. Kò rántí mọ́. Ó dun gbogbo wọn, ó sì dun Dáhùnsí jù.

Bàbá dìde, ó tún fìlà rẹ̀ dé. Dáhùnsí dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ẹ forí jì mí sà. Ọ̀rọ̀ Fọláyọ̀ wá ńkọ́?"

"Mo ti ṣèlérí pé màá dá ẹ lóhùn." Bàbá wúkọ́, gẹ́lẹ́ bó ṣe wúkọ́ nínú tẹlifíṣàn. "Ohun tí mo fẹ́ sọ lórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó yín ni pé…"

Ó panu dé. Fọláyọ̀ di ọwọ́ Sàlímọ́tù mú.

"Ni pé kí ni, Bàbá?" Dáhùnsí béèrè.

Bàbá ti ń wọ bàtà. "Ibẹ̀ ni àkókò tó o fún mi parí sí, ọmọ mi."