Bí Mo Ṣe Yẹ Fídíò Wò Fáwọn Ọmọ Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọjọ́ pọ̀ tó ti kọjá lórí mi tí mi ò rántí mọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá dàgbà títí tí eyín mi ká, ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi. Ọjọ́ náà ni mo jókòó bí adájọ́ láti yan fídíò fún ọmọdé méjì, tí mo sì fi síngílẹ́ẹ̀tì àti sílípáàsì ẹsẹ̀ kan parí ẹjọ́ náà ní gáréèjì Ayétòrò.

Mo ní ìsọ̀ kékeré kan níwájú ilé wa, níbi tí mo ti ń bá àwọn èèyàn ṣájì fóònù, tí mo sì ń kó orin àti fíìmù sínú mẹ́mórì fún wọn. Ìwé tí mo kà kò lọ títí, ṣùgbọ́n ládùúgbò tiwa, ẹni tó bá ti lè kó fíìmù sínú fóònù, ọ̀mọ̀wé ni. Èmi náà sì ti gbà bẹ́ẹ̀.

Ilé ìwé gba ìsinmi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ìyá Àlímá, fẹ́ lọ tajà ní Ìmàsáyí, ó wá kó àwọn ọmọ rẹ̀ tì mí. Àlímá ti wà ní praimari, àbúrò rẹ̀, Mùsá, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ a, b, d ni.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Wọ́n ní àwọn fídíò kan wà tí bàbá, ìyá àtàwọn ọmọ ti ń rìnrìn àjò. Ìyẹn sàn ju èyí tí wọ́n ti ń yìnbọn lura wọn lọ. Àmọ́ kọ́kọ́ wò ó o, látòkè délẹ̀. Má fi ìranù han àwọn ọmọ mi.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀. Ta lẹ gbé e fún?”

“Ìwọ ni mo gbé e fún. Ohun tí ọkàn mi ò ṣe balẹ̀ nìyẹn.”

Ó máa ń bá mi ṣeré bẹ́ẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín.

Oníbàárà mi kan tó máa ń kó ọjà wọlé láti ọ̀nà Kútọnu ti kó irú fídíò bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Faransé ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, kò sì ju “bọ́njúù” lọ tí mo gbọ́ nínú ẹ̀, nítorí náà ojú ni mo fi ṣèdájọ́. Nínú ti àkọ́kọ́, wọ́n dé etí òkun, ìyá bọ́ aṣọ, ó ku ohun tí mi ò lè dárúkọ. Mo pa á. Nínú ìkejì, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi, bàbá àti ìyá bá fẹnu konu. Mo pa ìyẹn náà. Nínú ìkẹta, wọ́n gbé odindi ẹlẹ́dẹ̀ yíyan ka tábìlì, tòun ti orí. Àlímá yìí, tó bá rí ẹlẹ́dẹ̀ lójú títì lásán, á ní àlùwàlá òun ti bàjẹ́. Mo pa á kíá.

Ìkẹrin ló wá wọ̀ mí lọ́kàn. Ọmọdébìnrin kan àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin di báàgì wọn, wọ́n kí àwọn àgbàlagbà ilé pé ó dàbọ̀, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n lọ bá ìyá àgbà wọn. Ìyá náà jáde, ó gbá wọn mọ́ra, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó bọ́ lójú tèmi náà. Kò sí ìhòhò, kò sí ọtí, kò sí ẹlẹ́dẹ̀. Àwọn ọmọ náà tiẹ̀ kí àgbà! Mo ní, “Èyí yege.”

Mo gbé fóònù fáwọn ọmọ, mo padà sídìí oníbàárà. Nígbà tó yá, Àlímá pè mí láti inú yàrá.

“Bọ̀ọ̀dá, ta ló ń ya wọ́n?”

“Dádì wọn ni. Ẹ̀yìn wọn ló wà.”

“Ṣé ẹ̀yìn wọn ló máa ń wà ní gbogbo ìgbà?”

“Ẹ̀yìn wọn náà ni.”

“Ẹ̀yin náà, ṣé ẹ lè yà wá?”

Fóònù ẹnì kan wà lọ́wọ́ mi tó kọ̀ tí kò ṣájì. Mi ò tiẹ̀ gbójú sókè. Mo ní, “Màá yà yín.”

Nígbà tí mo máa fi wọlé, fóònù wà lórí ẹní, kò sọ́mọ. Ṣòkòtò àti ṣẹ́ẹ̀tì mi wà káàkiri ilẹ̀, báàgì mi ò sí níbẹ̀ mọ́. Mo pariwo olè. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá rò ó pé olè wo ló máa kó ṣòkòtò sílẹ̀, táá gbé báàgì tó ti ya lọ, táá sì fi ìrọ̀rí Mùsá kún un?

Mo sáré bọ́ síta bí mo ṣe wà, tèmi ti síngílẹ́ẹ̀tì. Bàbá Ọdẹ, aládùúgbò wa, jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

“Bàbá, ẹ bá mi rí àwọn ọmọ?”

“Wọ́n wá kí mi. Àlímá kúnlẹ̀, èyí ọkùnrin dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọ́n ní àwọn ń lọ. Mo ní wọ́n á lọ ire, wọ́n á bọ̀ ire.”

“Ẹ ò bi wọ́n níbi tí wọ́n ń lọ?”

Bàbá wò mí bí ẹni tí mo bú. “Ọdẹ ni mí. Nílé ọdẹ, a kì í bi ẹni tó ń jáde pé níbo ló ń lọ. Kò tiẹ̀ yẹ kó o máa bi mí léèrè. Àwọn ọmọ yẹn mọ̀wàáhù jù ọ́ lọ. Ìgbà wo lo kí mi kẹ́yìn kó o tó jáde?”

Mo sáré síwájú. Màmá Ẹlẹ́pà tó wà nígun òpópónà bu ẹ̀pà sí wọn lọ́wọ́ ní tiẹ̀, ó tún fi àdúrà lé e.

Ó ní, “Wọ́n ní àwọn ń lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà wọn ní Ìgbógílà. Wọ́n ń rìn, wọ́n ń juwọ́ sẹ́yìn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ìwọ lò ń bọ̀ lẹ́yìn wọn?”

Títì márosẹ̀ ni wọ́n máa gbà kọjá kí wọ́n tó dé gáréèjì, ọkọ̀ akẹ́rù tó bá ń bọ̀ láti bọ́dà kì í tẹ bíréèkì fún ewúrẹ́, áńbọ̀sí ọmọ. Mo sáré. Okùn sílípáàsì mi kan já, mo fi í sílẹ̀ sójú ọ̀nà.

Mo dé gáréèjì, mo rí wọn: wọ́n jókòó níwájú mọ́tò Ìgbógílà, báàgì mi lórí itan Àlímá, Mùsá ń jẹ ẹ̀pà. Mọ́tò ti kún, àwọn èrò ti ń kùn.

Dẹ́rẹ́bà ní, “Ìwọ dà látàárọ̀? Wọ́n ní ẹni tó máa sanwó ń bọ̀ lẹ́yìn, pé ó ń ya fídíò. Àbí ìlù la máa lù kó o tó dé?”

Mi ò ráyè tirẹ̀. Mo fa Mùsá jáde, ẹ̀pà rẹ̀ dànù, ló bá figbe ta. Ni ìyá kan nínú mọ́tò bá ké, “Gbọ́mọgbọ́mọ ni! Ẹ wo bó ṣe múra!” Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ẹnì kan ti di ṣòkòtò mi mú lẹ́yìn.

Dẹ́rẹ́bà bi Àlímá léèrè. “Ọmọ yìí, ṣé o mọ̀ ọ́n?”

Àlímá wò mí láti orí dé ẹsẹ̀ kan tí mo wọ bàtà sí. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá wa ni. Àmọ́ Bọ̀ọ̀dá, fóònù dà? Kí lẹ fi ń yà wá?”

Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

“Àlímá, mi ò sí lẹ́yìn yín.”

“Látilé?”

“Látilé.”

Ó yíjú wo títì tí wọ́n gbà wá, ó wò ó pẹ́. Ó wá di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú. Ìgbà náà ni òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Bí ẹni pé ìyẹn ò tó, mọ́tò Ìmàsáyí kan wọlé, ta ló sọ̀ kalẹ̀ tòun ti agbọ̀n lórí bí kò ṣe ẹ̀gbọ́n mi? Wọ́n ròyìn fún un, ẹnu mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbé agbọ̀n kalẹ̀, ó kọjú sí mi.

Ó ní, “Ṣé mi ò ní kó o wò ó látòkè délẹ̀?”

“Mo wò ó, Ẹ̀gbọ́n. Kò sí nǹkan burúkú kankan níbẹ̀.”

“Àwọn ọmọ mi ńkọ́? Ṣé o wò wọ́n?”

Mo tẹrí ba.

Àwọn ìyá ṣì ń bi mí pé ṣé fídíò báyìí dáa fọ́mọ. Mo ṣì ń wá ìhòhò àti ọtí, ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ pé ohun rere náà lè gbé ọmọ kúrò nílé. Mo máa ń jókòó ti ọmọ náà báyìí, màá bi í pé, “Tó bá jẹ́ ìwọ ni, kí lo máa ṣe?” Ìdáhùn wọn máa ń dẹ́rù bà mí.

Bàbá Ọdẹ ti torí mi ba òfin ọdẹ jẹ́. Bí mo bá jáde, bó tiẹ̀ jẹ́ omi ni mo fẹ́ pọn, á ké láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀: “Ta ló wà lẹ́yìn ẹ?”

Nígbà tó yá, a lọ sí Ìgbógílà, èmi àtàwọn ọmọ, mo sì yà wọ́n lóòótọ́. Fídíò náà ṣì wà nínú fóònù mi. Kò dáa tó láti fi han ẹnikẹ́ni, nítorí Mùsá kò wo iwájú rárá. Tó bá rìn díẹ̀, á dúró, á bojú wẹ̀yìn, á rí mi, kó tó gbé ẹsẹ̀ mìíràn. Bí mo bá ń wò ó, mo máa ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kì í dénú.