Ẹ̀kọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ilé Nínú Yàrá Aránṣọ

Bó bá jẹ́ pé wọ́n ń gba owó ilé lọ́wọ́ ìgbéraga ni, ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ilé nìkan ì bá tó kọ́ òpópónà kan tán.

Kò sí ilé ìwé tó fún un lóyè ọ̀jọ̀gbọ́n o. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sára káàdì rẹ̀, ó sì fi oríkì lé e: Baba Onílé, A-sọ-yàrá-kan-di-méjì.

Àwọn ayálégbé náà ní orúkọ tiwọn fún un. Bí òrùlé bá jò, Ọ̀jọ̀gbọ́n a ní, "Ó di ọ̀la." Bí omi ò bá yọ, "Ó di ọ̀la." Ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Bàbá Ọ̀la. Bó bá gbọ́ ọ, a na ọrùn, a rẹ́rìn-ín músẹ́: etí rẹ̀ ti sọ ọ́ di Bàbá Ọlá.

Ní Sátidé kan, ó kó akẹ́kọ̀ọ́ méjìlá tó fẹ́ máa fi ilé ṣòwò wá wo ilé rẹ̀. Ọ̀dọ̀ obìnrin aránṣọ kan ló mú wọn lọ, nítorí yàrá yẹn ló fi ń yangàn jù. Ó ti fi pákó là á sí méjì, ó la fèrèsé pẹ̀lú. Aránṣọ ń gbé apá kan, káfíńtà kan ń gbé èkejì. Gílóòbù kan ṣoṣo ló wà lókè pákó fún àwọn méjèèjì. Bí káfíńtà bá fẹ́ sùn, a fọwọ́ lu pákó kí aránṣọ bá a paná.

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀!" ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Ẹni tó kọ́lé tí kò fi pákó là á, atẹ́gùn ló kọ́lé fún."

Awakọ̀ kan láàárín wọn bèèrè pé, "Bí nǹkan bá wá bàjẹ́ ńkọ́, ọ̀gá?"

"Ayálégbé dà bí ọmọ ọwọ́. Bó bá ń ké, fi í sílẹ̀. Bó bá rẹ̀ ẹ́, á sùn."

Aránṣọ rọra ní, "Bàbá, yàrá yìí mà kéré o."

"Kéré kẹ̀? Gbogbo yín, ẹ dúró síta! Màá tilẹ̀kùn, màá rìn láti ògiri dé ògiri. Ẹ máa ka ẹsẹ̀ mi."

"Bàbá, ẹ má tilẹ̀kùn yẹn o!"

"Ta ló ni ilé?"

Ó ta òkúta tó dá ilẹ̀kùn dúró nù, ó sì tì í gbàgà. Wọ́n kà á: ọ̀kan, èjì, gbì! Ó ti kọ lu ẹ̀rọ ìránṣọ. Nígbà tó fẹ́ jáde, ọwọ́ ilẹ̀kùn yọ sí i lọ́wọ́.

"Ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi!"

"Kò ṣeé ṣí, bàbá," ni aránṣọ fèsì. "Oṣù karùn-ún rèé tí mo ti ń sọ fún yín. Kí lẹ ní kí n máa ṣe?"

Ohùn Ọ̀jọ̀gbọ́n wá jáde tín-ín-rín: "Mo ní kó o máa gba ojú fèrèsé."

"Ọ̀nà ti là nìyẹn."

Ikùn tó ti jẹ owó yàrá méjìlá kì í gba ìdajì fèrèsé kọjá. Orí jáde, èjìká kan tẹ̀ lé e, ìyókù kọ̀. Ojú títì ni fèrèsé náà kọ sí. Àwọn tó ń kọjá lọ dúró. Ẹnì kan bèèrè bóyá ó fẹ́ ta orí náà ni.

Káfíńtà, tó wà ní apá tirẹ̀, mú òòlù rẹ̀. "Bàbá, ṣé kí n tú pákó yìí?"

"Má fọwọ́ kan pákó mi!" Ẹ̀rín ta lójú títì. "Tú u! Mo ní o tú u!"

Pákó wó lulẹ̀, wọ́n fà á sẹ́yìn bí ìgbà tí èèyàn ń fa kọ́ọ̀kì lẹ́nu ìgò, ó sì gba ẹnu ọ̀nà káfíńtà jáde, apá kóòtù rẹ̀ kan ti já.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti pagbo yí aránṣọ ká, wọ́n ń kọ̀wé kíkankíkan.

"Ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́ ni kẹ́ ẹ tún un ṣe," ni obìnrin náà ń wí. "Ẹ má sì yá ẹnikẹ́ni ní yàrá tí ẹ̀yin fúnra yín ò lè sùn mọ́jú."

Ọ̀jọ̀gbọ́n wú ikọ́. "Ẹ̀kọ́ mi ò tíì parí o!"

Awakọ̀ ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹ má pariwo. A ò gbọ́ ohun tí olùkọ́ wa ń sọ."