Àfẹ́sọ́nà Tó Ti Kú Lẹ́ẹ̀meje

Ọ̀sán ọjọ́ Sunday ni, ní Openshaw, ní Manchester, nílé Àǹtí Mọ́láyọ̀, nọ́ọ̀sì àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tí kò sí ohun tí kò mọ̀ láyé yìí àfi èyí tí wọn kò tíì bi í. Adéṣẹwà, ọmọ àbúrò rẹ̀, jókòó sétí àga, ó ń retí ìdájọ́. Sátidé tó ń bọ̀ ni mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ rẹ̀ àti Wendell Prewitt, òṣèré fíìmù ará Amẹ́ríkà, bàbá rẹ̀ ní Ṣàgámù sì ti búra pé bí ẹ̀gbọ́n òun kò bá fọwọ́ sí i, òun kò ní wọ bàálù, kò sì ní sí mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ kankan.

Àǹtí Mọ́láyọ̀ wọ gíláàsì rẹ̀, ó ṣí ìwé ẹ̀kọ́ kan tó nípọn.

"Mo ti parí ìwádìí," ló wí. "Ọmọ mi, kò ṣeé fẹ́."

"Big Mummy, kí lẹ rí?"

"Kí ni mi ò rí? Wendell Prewitt. Wọ́n bí i ní Toledo, ní Ohio. Ìyá ẹ̀ ń wa bọ́ọ̀sì iléèwé, bàbá ẹ̀ ń tún fìríìjì ṣe. Títí débẹ̀, mi ò rí aburú. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló kọ́kọ́ bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, ó ń jẹ cornflakes, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo wo ọ̀fun ẹ̀ dáadáa. Kò gbé e mì."

"Ìpolówó ọjà ni, Big Mummy. Gbogbo wọn ló máa ń tu ú dànù."

"Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ń fi oúnjẹ ṣòfò." Ó ṣí ojú ìwé kejì. "Ọmọ ogún ọdún, ó fi pharmacy sílẹ̀. Ta ní ń fi pharmacy sílẹ̀? Iṣẹ́ wo ló wá rí? Òkú. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì hospital, wọ́n da aṣọ bò ó, ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe òkú."

"Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń bẹ̀rẹ̀."

"Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì, Ṣẹwà. Òkú yẹn ń mí."

Nílé, bí wọ́n ṣe ń ṣe ìwádìí kò le. Ẹni tí ìdílé bá rán á lọ sí ìlú ọkọ, á jókòó ti àwọn aládùúgbò, á sì dọ́gbọ́n bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n ń jalè nílé yẹn, bóyá wọ́n ń ya wèrè, bóyá àrùn kan wà tí wọ́n ń bò mọ́lẹ̀. Toledo jìnnà, ẹsẹ̀ Àǹtí Mọ́láyọ̀ sì ń dùn ún. Ló bá jókòó sórí àga rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó fi password Adéṣẹwà fúnra rẹ̀ wo fíìmù mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, gbogbo ohun tó sì rí tí ọkùnrin náà ṣe, ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni pé aládùúgbò ló sọ ọ́. Nígbà tó wá ẹlẹ́rìí kejì, ó pe Patience, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní ward kan náà rí, tó ti kó lọ sí Ohio. Patience ní òun rí Wendell lóṣù tó kọjá, ó gbá ìyá rẹ̀ létí. Sinimá ló ti rí i. Àǹtí kọ ìyẹn náà.

"Ìbéèrè àwọn bàbá wa ni mo tẹ̀ lé," ni Àǹtí wí, ó ń fi bírò tọ́ka. "Ṣé ó ń ya wèrè? Ó ti ya wèrè lẹ́ẹ̀mejì, èyí kejì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣé ó ń jalè? Ó ja báńkì kan lólè, ó tún padà lọ jà á. Ṣé ó ti ṣẹ̀wọ̀n? Ọdún mẹ́rìnlá. Ṣé ó ti gbéyàwó rí? Mẹ́sàn-án. Ẹ̀ẹ̀kan tún wà tí òun gan-an jẹ́ ìyàwó."

"Ó ṣe obìnrin nínú fíìmù kan ni, Big Mummy. Wọ́n fún un ní award lórí ẹ̀."

"Mo rí i. Ó wọ búláùsì, ó gbé báàgì lọ́wọ́. Ó yẹ ẹ́ ju bó ṣe yẹ ọ̀pọ̀ nínú àwọn choir wa lọ. Ìyẹn ló tiẹ̀ bà mí lẹ́rù."

"Eré ni gbogbo ẹ̀. Wọ́n ń kọ ọ́ fún un ni. Director ló ń sọ pé kó jalè."

"Tí ọ̀gá bá ní kó jalè, á jalè." Ó kọ ọ́ sílẹ̀. "O ṣeun. Mi ò tíì ní ìyẹn."

Adéṣẹwà fọwọ́ bo ojú. Ó rántí pé láti oṣù kẹrin ni Àǹtí ti ní fíìmù sínú. Ilé iṣẹ́ tí Wendell ń bá ṣe fíìmù sọ àdúgbò kan láàárín ìlú di New York nígbà náà nítorí fíìmù, wọ́n kó táksí aláwọ̀ ìyeyè sí i, Àǹtí Mọ́láyọ̀ sì ń ti ọjà bọ̀. Ó ṣílẹ̀kùn ọ̀kan, ó wọlé, ó gbé iṣu rẹ̀ lé itan, ó ní Openshaw lòun ń lọ. Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fi bẹ̀ ẹ́ kó tó sọ̀ kalẹ̀, ó sì sọ fún wọn pé kò sí awakọ̀ tó lójú àánú mọ́ nílùú yìí.

"Wàyí o, ìyẹn ò tíì ṣe nǹkan kan," ni Àǹtí tẹ̀ síwájú. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ó ti kú lẹ́ẹ̀meje. Wọ́n yìnbọn fún un ní Texas. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, ó ti wà ní Chicago, ó ń jẹ́ orúkọ mìíràn, ó ti fẹ́ ìyàwó mìíràn, ó ń ṣe dókítà. Ó kú sómi ní Alaska. Kí Kérésìmesì tó dé, ó ti di pásítọ̀ ní Georgia. Mo bi ọ́ o. Ẹni tó kú ní ìlú kan, tí kò lọ sọ́run, tó lọ ń gbé níbi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n, tó fẹ́yàwó síbẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́. Kí ni wọ́n ń pè é ní Ṣàgámù?"

Adéṣẹwà ò fẹ́ dáhùn. Àǹtí ń wò ó.

"Àkúdàáyà," ló sọ nígbẹ̀yìn.

"Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́. Ìwọ lo fi ẹnu ara ẹ sọ ọ́. Ọjọ́ tí àkúdàáyà bá fojú kan ará ìlú ẹ̀ ló ń pòórá. Á fi ìwọ àtọmọ sílẹ̀ nínú flat yín ní Hulme."

"Ará ìlú ẹ̀ mẹ́rin ló ń bọ̀ ní Sátidé. Ìyá ẹ̀ ti dé London. Tó bá fẹ́ pòórá, ìṣojú gbogbo wa ló máa ṣe é."

Àǹtí wo ìwé rẹ̀. Ó ṣí i síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn. Adéṣẹwà fa àga sún mọ́ ọn.

"Big Mummy, ẹ kì í ṣe òpè. Ẹ mọ̀ pé eré ni. Kí ló ń bà yín lẹ́rù gan-an?"

Àǹtí pa ìwé dé. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn nọ́ọ̀sì ló fi sọ ọ́, kì í ṣe ti onídàájọ́.

"Fíìmù kan wà tí ọmọ ẹ̀ kú níbẹ̀. Ó sunkún. Mo ti rí àwọn tó ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì títí agara dá mi, mo mọ ti òtítọ́, mo mọ ti àwọn tó ń ronú ogún. Ti òtítọ́ ni ọkùnrin yẹn sun. Èjìká ẹ̀ ń gbọ̀n, ikun ń dà nímú ẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sì kú. Tó bá wá kúnlẹ̀ níwájú ẹ lọ́jọ́ kan, tó ń sunkún bẹ́ẹ̀ pé òun ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, báwo lo ṣe fẹ́ mọ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Adéṣẹwà lára, nítorí òun náà ti bi ara rẹ̀ rí. Ó wá sọ ohun tó ti pinnu nínú bọ́ọ̀sì pé òun ò ní sọ.

"Ṣùbòmí ńkọ́?"

Ṣùbòmí, ará Blackley nílùú yìí, accountant, ni wọ́n fi Ìyìnolúwa, ẹ̀gbọ́n Adéṣẹwà, fún. Àǹtí Mọ́láyọ̀ ló ṣe ìwádìí náà. Ó wọ bàálù, ó dé Ìjẹ̀bú-Òde, ìlú Ṣùbòmí, ó bá pásítọ̀ sọ̀rọ̀, ó bá tíṣà sọ̀rọ̀, ó sì padà dé pẹ̀lú ìdajì ojú ìwé, pé ọmọ náà ò ní àbàwọ́n. Lọ́dún kẹrin ni wọ́n gbọ́ pé ó níyàwó ní Ọ̀tà àti ọmọ méjì, èyí àgbà ti ń lọ secondary.

"Ẹnikẹ́ni ò kọ script fún Ṣùbòmí," ni Adéṣẹwà wí. "Ó ṣe ọkọ fún ọdún mẹ́rin, kò gbàgbé line kan."

Àǹtí bọ́ gíláàsì rẹ̀. Ó nu ún, ó tún nu ún.

"Èmi ni mo fọwọ́ sí i," ló wí. "Tí Ìyìnolúwa bá ti ń kí mi báyìí, ojú máa ń tì mí láti dá a lóhùn. Ìdí nìyẹn tí ìwé tìẹ fi nípọn. Mi ò lè ṣi ọkọ yàn fún ọmọ méjì bàbá kan náà."

Adéṣẹwà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó rọra ṣàlàyé pé iṣẹ́ ìkunjú lòun ń ṣe nídìí fíìmù, àwọn tí Wendell dà nínú fíìmù, tí Àǹtí kọ gbẹ̀yìn sínú ìwé yẹn, òun gan-an ló kun ojú wọn. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí òun pàdé Wendell, arúgbó ẹni àádọ́rin ọdún lòun sọ ọ́ dà.

"Èmi ni mo sì ń nu ún kúrò lójú ẹ̀, Big Mummy. Mo mọ ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀. Tí camera ò bá sí níbẹ̀, kò mọ irọ́ pa. Ẹ̀yin gan-an ni ẹlẹ́rìí."

"Èmi? Níbo?"

"Mọ́ínmọ́ín ọjọ́ Easter."

Ojú Àǹtí le. Èèyàn méjìlélógún ló jẹ mọ́ínmọ́ín náà nínú yàrá yìí, gbogbo wọn ló ń yìn ín. Àǹtí wá kọjú sí àlejò, ó bi í bó ṣe rí. Wendell jẹ ẹ́ dáadáa, ó rò ó, ó dúpẹ́, ó ní ó le díẹ̀, iyọ̀ sì pọ̀ níbẹ̀. Èsì yẹn wà nínú ìwé Àǹtí lábẹ́ àkọlé kan ṣoṣo, "Aláìmoore".

"Ó le, Big Mummy."

"Kò le."

"Ó máa ń le. Láti kékeré la ti mọ̀."

"Deacon Ọlápàdé gba ìkẹta."

"Deacon Ọlápàdé fi tissue wé e, ó jù ú sínú bin yín níta. Mo rí i."

"Ìyàwó pásítọ̀ ní kí n kọ́ òun bí mo ṣe ń sè é."

"Ọdún mẹ́wàá ló ti ń sọ bẹ́ẹ̀. Ṣé ó ti wá?"

Àǹtí Mọ́láyọ̀ jókòó, ó ń wo àwọn àga òfìfo tó wà nínú yàrá náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń rántí àwọn tó jókòó síbẹ̀, àwọn tó dijú tí wọ́n fọwọ́ sáyà, àwọn tó ní ọwọ́ Mummy ò ní jóná láé. Ó dùn ún, kò sì bò ó mọ́ra. Ó mú fóònù, ó pe Ṣàgámù.

"Súnkànmí, èmi ni. Mo ti parí ìwádìí. Ra tíkẹ́ẹ̀tì."

Ohùn bàbá Adéṣẹwà ń pariwo nínú fóònù. Inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọmọkùnrin náà ń kọ ọ́ lóminú. Ó ń bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bóyá a lè fi ọmọ ẹni fún ẹni tí kò mọ̀ ju eré ṣíṣe lọ.

"Gbogbo wa là ń ṣeré ní Manchester yìí, àbúrò mi," ni Àǹtí Mọ́láyọ̀ wí. "Òun nìkan ni wọ́n ń sanwó fún."