Ẹ̀rọ Tó Tú Òwú Keziah

Bí wọ́n bá wá ròyìn ẹjọ́ tó dé iwájú Baálẹ̀ Ormerod lánàá fún mi, mi ò ní gbà. Àmọ́ mo wà níbẹ̀, ojú mi ló ṣe.

Keziah Holt, opó tó ń ran òwú nílé ìránwú wa, ló pe Enoch Tattersall, olùtọ́jú ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi gbígbóná yí kẹ̀kẹ́ ìránwú, lẹ́jọ́. Ó da àpò kan sílẹ̀ níwájú Baálẹ̀.

"Baba, òwú tí mo ran lọ́sẹ̀ tó kọjá nìyẹn."

"Ẹ̀gbọ̀n òwú ni mo rí."

"Ohun tó gbé mi wá náà nìyẹn! Òwú ni nírọ̀lẹ́ Sátidé. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, Enoch tan ẹ̀rọ, ẹ̀rọ bá yí sẹ́yìn. Kí n tó dé, gbogbo rẹ̀ ti tú. Ọ̀gá ní bí òwú ò bá pé ní Sátidé yìí, òun á fi ẹlòmíì sáyè mi. Ọmọ mẹ́ta ni mò ń bọ́, Baba!"

Baálẹ̀ yíjú sí Enoch. "Ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀."

"Mi ò tíì kúnlẹ̀, Baba. Ẹ̀rọ ló jẹ̀bi. Ogún ọdún ló fi ń fa omi nínú kòtò èédú kí wọ́n tó gbé e wá síbí pé kó máa yí kẹ̀kẹ́. Òkè àti ìsàlẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ta ló fi iwájú àti ẹ̀yìn hàn án rí?"

Àlùfáà ìjọ tó jókòó ti Baálẹ̀ mi orí. "Ó bọ́gbọ́n mu."

"Kò bọ́gbọ́n mu!" ni Keziah wí. "Ìwọ ló yẹ kó o kọ́kọ́ fọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ ńlá yẹn síwájú kó o tó ṣí ooru sí i. Ojoojúmọ́ lò ń ṣe é!"

"Mo tì í."

"Síbo?"

"Síwájú mi."

"Níbo lo kọjú sí?"

Enoch wo àjà. "Ibẹ̀ ni ò yé mi dáadáa."

"O ti mutí," ni Baálẹ̀ wí.

"Baba, Mọ́ńdè Mímọ́ ni, ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ fi ń sinmi mutí! Ta ní í ṣiṣẹ́ ní Mọ́ńdè? Ẹ̀rọ nìkan ni ò gbọ́."

Amos Pickup tó ń kó èédú sínú iná dìde jẹ́rìí. "Mo lè búra, ọtí ò kan ẹnu Enoch."

"Báwo ló ṣe dé ìdí ẹ̀rọ?"

"Ọmọlanke èédú ni mo fi gbé e wá."

"Èéṣe?"

"Ẹsẹ̀ ń dùn ún."

Ìyá Duckworth, ọlọ́tí, fò dìde. "Irọ́ ńlá! Jọ́ọ̀gì méje ló mu!"

"Mẹ́fà ni o!" ni Amos wí. "Èmi ni mo mu ìkeje."

Baálẹ̀ ní kí wọ́n mú Jolly wá. Jolly ni ẹṣin tó ń yí kẹ̀kẹ́ ilé ìránwú kí ẹ̀rọ tó dé. Wọ́n mú un dé ẹnu ọ̀nà.

"Ọdún mélòó ló fi yí i?" ni Baálẹ̀ bi Keziah.

"Mọ́kànlá, Baba."

"Ó rìn sẹ́yìn rí?"

"Rárá."

"Ó máa ń mutí ní Mọ́ńdè?"

"Rárá o."

"Ó dáa. Enoch, ìwọ lo máa wọ ìjánu Jolly. Ìwọ ni wàá máa yí kẹ̀kẹ́ Keziah títí òwú rẹ̀ á fi pé. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gba àyè rẹ̀, ẹ sọ fún ọ̀gá yín. Amos á yí ìdá kan nínú méje. Kí Jolly dúró tì wọ́n, òun ni ọ̀gá ibi iṣẹ́."

Láàárọ̀ yìí, gbogbo wa lọ wòran. Keziah jókòó sídìí òwú, wọ́n so Enoch mọ́ igi tí Jolly fi ń yí kẹ̀kẹ́ tẹ́lẹ̀. Ó tẹ̀ ba, ó mí kanlẹ̀, ó fi gbogbo agbára tì í.

"Ẹ̀yìn ni!" ni Keziah figbe ta. "Enoch, ẹ̀yìn lò ń lọ!"

Jolly fi koríko rẹ̀ sílẹ̀. Ó rìn wá, ó gbórí lé àyà Enoch, ó sì rọra yí i padà. Lẹ́yìn náà ó padà sídìí koríko rẹ̀, òwú sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.